Ẹ Yí Ewé Náà Sí Ìmọ́lẹ̀

Bíbélì kíkà: Mátíù 13:24–30, 36–43



Ní oṣù Kẹjọ tí ó kọjá, a kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ sí igbó kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn wa níbí ní Maryland, láti fa èpò kan tí wọ́n ń pè ní Japanese stiltgrass. A ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, inú wa sì dùn. Ìgbà tí a wo òkìtì ohun tí a fà tu dáadáa ni a rí i pé koríko mìíràn, whitegrass, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ nínú igbó náà, ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tí a wá fà ṣì dúró.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ń dá wọn mọ̀. Ilẹ̀ Éṣíà ni èpò náà ti wá. Ọdún 1919 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, ní Knoxville, ìpínlẹ̀ Tennessee. Ọ̀pọ̀ gbà pé inú koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń di àwo tánganran kí ó má baà fọ́ ni ó bá wọlé. Ewé rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́, ó sì tín-ín-rín ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí ẹ bá yí ewé náà sí oòrùn, ẹ ó rí ìlà kan tí ń dán bí fàdákà, tí kò bọ́ sí àárín gan-an. Whitegrass kò ní ìlà yìí. Ẹ fọwọ́ kan oríkèé igi wọn: ti stiltgrass jọ̀lọ̀, ti whitegrass ní irun wẹ́wẹ́. Gbòǹgbò stiltgrass kò jinlẹ̀, kíá ni ó ń tu. Whitegrass a máa di ilẹ̀ mú, nítorí láti inú gbòǹgbò ni ó ti ń hù padà lọ́dọọdún.

Kì í ṣe nítorí pé èpò yìí jẹ́ àjèjì ni a fi ń fà á tu. Àwa tí a ti òkè òkun wá kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àlìkámà pàápàá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, a sì ń jẹ ẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni ó burú: àgbọ̀nrín kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ewéko mìíràn ni wọ́n ń jẹ, òun a sì máa bo ilẹ̀ títí àwọn ọmọ igi kò fi ní rí àyè hù.

Nínú òwe Olúwa wa, àwọn ìránṣẹ́ fẹ́ fa èpò tu lójú ẹsẹ̀. Baálé ilé kò gbà, kí àlìkámà má baà bá a lọ. Èpò ilẹ̀ wọn yẹn jọ àlìkámà títí yóò fi yọ orí. Olúwa sì ṣàlàyé pé ayé ni oko náà, àwọn áńgẹ́lì ni olùkórè. Koríko ni a fún wa láti fà tu, kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ̀yin ará, a ti fa ènìyàn tu rí nínú ìjọ yìí. Ìdílé kan wá sí àárín wa. A wo aṣọ ọrùn ìyá, a gbọ́ pé àwọn ọmọ kò gbọ́ Yorùbá, a sì ti parí ìdájọ́ wa kí wọ́n tó jókòó. Wọn kò padà wá mọ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ibi iṣẹ́ òru ni ìyá náà ti ń bọ̀ tààrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ìjọ ti lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ bá wa gbàdúrà kí wọ́n padà, bí wọ́n bá sì dé, ẹ dìde fún wọn ní àyè.

Èpò tí a láṣẹ láti fà ni ti ọkàn wa: ìlara, ìgbéraga, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Kí stiltgrass tó so ni ó yẹ kí a fà á, nítorí igi kan ṣoṣo lè so tó 1,000 hóró, hóró náà sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fà á lẹ́ẹ̀kan kò tíì ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrònúpìwàdà.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń wo ènìyàn pẹ̀lú àánú. Àmín.