Ta Ni Yóò Bu Omi Ìṣanwọ́?

Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Orí ọmọdé la sábà máa ń di ẹrù òwe yìí lé: kó kọ́ṣẹ́, kó ní sùúrù, kó má sá fún ọ̀gá. Ta wá ni yóò bu omi ìṣanwọ́ fún un?

Ní Jámánì, ọ̀gá iṣẹ́ ló ń bù ú. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ di mẹkáníìkì tàbí káfíńtà á tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Á máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á sì tún máa lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún méjì sí mẹ́ta àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń gbà, ìdánwò ló sì ń kádìí rẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń gba owó oṣù. Ní 2020, òfin fi €515 lóṣù ṣe iye tó kéré jù fún ọdún àkọ́kọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Òbí ló sábà máa ń sanwó fún ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀, á gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n (ẹ̀kọ́ náà kúkú ni wọ́n pè é), fíríìdọ́ọ̀mù á tún di ìnáwó ńlá. A wá ń bínú pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sídìí ọ̀kadà. Ọ̀kadà ń pawó lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gùn ún.