Agbára Tí Ó Ju Ti Ènìyàn Lọ

Kò sí ọmọ ènìyàn tí kò fẹ́ ní agbára. Àwọn baba wa a máa pa ìtàn ọdẹ tí ń fi ọwọ́ lásán fa igi tu, àti ti jagunjagun tí ọta ìbọn kì í ràn. Lónìí ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń wo eré àwòrán ilẹ̀ Japan tí a ń pè ní ánímè, níbi tí ènìyàn kan ṣoṣo ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ òkè. Ìbéèrè kan náà ni ó ń ti inú méjèèjì jáde: ǹjẹ́ ẹni tí ó bá ń ṣe ìdárayá láìdẹwọ́ lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀? Ìwọ òǹkàwé, má fi ìbéèrè náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí o bá ti dáhùn rẹ̀ ni ìwọ yóò ṣe lo ara rẹ.

Gbé ọ̀kan nínú àwọn eré náà yẹ̀ wò. Akọni rẹ̀, Saitama, sọ pé lójoojúmọ́ fún ọdún 3, òun dọ̀bálẹ̀ fi ọwọ́ ti ara òun sókè ní ìgbà 100, òun fẹ̀yìn lélẹ̀ dìde jókòó ní ìgbà 100, òun lóṣòó dìde ní ìgbà 100, òun sì sáré kìlómítà 10. Láti ìgbà náà, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń ṣẹ́gun ọ̀tá. Ẹ̀fẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ọmọdé lè gbà á ní òtítọ́. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ara kì í fún ni ju ohun tí a bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹrù kò bá pọ̀ sí i, agbára náà kì í pọ̀ sí i.

Wo ohun tí ó wà nítòsí. Mowé àti Ìbàfò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti Ifọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ti di ibi tí ilé ń hù bí olú. Àwọn lébìrà ni ó ń ru símẹ́ńtì níbẹ̀, kìlógíráàmù 50 sì ni àpò kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ náà a máa gbọ̀n lábẹ́ àpò kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a máa rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò ru nǹkan. Kò sí idán níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ni ó ń kọ́ bí a ti í pe ọ̀pọ̀ iṣan sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà; lẹ́yìn èyí ni iṣan fúnra rẹ̀ ń nípọn. Ìgbà tí ènìyàn bá jẹun, tí ó sì sùn, ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà ẹni tí kò mọ ìsinmi kò mọ ìdárayá.

Ṣùgbọ́n bí agbára bá ń pọ̀ títí láìdúró ni, lébìrà ọlọ́dún 20 ì bá máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú símẹ́ńtì inú rẹ̀. Ààlà wà. Ní 1988, Yordanka Donkova ti ilẹ̀ Bulgaria sá eré 100 mítà tí a fi ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.21. Ọdún 28 kọjá kí Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà tó dé 12.20 ní 2016. Ní oṣù Keje 2022, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, sá a ní 12.12 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ayé kò sì tíì rí irú rẹ̀ rí. Ṣe ìṣirò náà: òógùn àwọn obìnrin gbogbo ayé fún ọdún 34 kò mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 0.09 wá, àkókò tí kò tó kí ojú ṣẹ́.

Èéṣe? Wo èèrà tí ń gbé ohun tí ó wúwo ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kíkéré rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ̀dá bá di ìlọ́po 2 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní nínípọn, agbára iṣan rẹ̀ a di ìlọ́po 4, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ a di ìlọ́po 8. Èèrà tí ó bá tóbi tó ènìyàn kò ní lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tí kò bá gba ààlà yìí a máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní 1988 kan náà, Ben Johnson ti Kánádà sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.79 ní ìdíje Olympics ìlú Seoul, gbogbo ayé sì hó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, a gba wúrà náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn tí a bá nínú ìtọ̀ rẹ̀. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó fi abẹ́rẹ́ wá agbára, yíyá ni ó yá a. Ara rẹ̀ ni yóò sì san èlé.

Ǹjẹ́ kí a wá káwọ́ gbera nítorí pé ààlà wà? Rárá o. Ní ìdíje Paralympics ìlú Paris ní 2024, Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀, ọmọ Nàìjíríà, fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì fi apá rẹ̀ méjèèjì ti kìlógíráàmù 167 sókè. Èyí ju àpò símẹ́ńtì 3 lọ. Ìdíje náà jẹ́ ti àwọn obìnrin tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kìlógíráàmù 86 lọ, tí ẹsẹ̀ wọn sì ní ìpèníjà. Mélòó nínú àwa tí ẹsẹ̀ wa pé ni ó lè gbé ìdajì rẹ̀?

Ààlà méjì ni ó wà, ìwọ ọ̀dọ́: èyí tí ẹ̀dá pa, àti èyí tí ìmẹ́lẹ́ pa. Ìdárayá kò lè yẹ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń ti èkejì sẹ́yìn. Ẹ̀dùn ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa dúró sí ìdí èkejì, a sì ń pè é ní àkọ́kọ́.

Má sì gbàgbé pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Kò sí lébìrà kan tí ó lè gbé ilé. Síbẹ̀ ilé ń dúró ní Ìbàfò àti ní Ifọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ gbé e ní àpò kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń wá agbára tí ó ju ti ènìyàn kan lọ, ibẹ̀ ni kí o wá a. Ru èyí tí ó kàn ọ́ lónìí, sùn, kí o sì tún dìde lọ́la.