Ẹ̀rí Ẹni Tó Yìnbọn: Lẹ́tà Ọ̀gágun àti Ìkọlù Ọ̀yọ́ ní 1895

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1895, Captain Robert Lister Bower, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, kó sójà Hausa lọ yìnbọn lu ìlú Ọ̀yọ́. Iná jó ilé, ó sì ran apá kan ààfin Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ìdájọ́ kan ló fa wàhálà náà: wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bákàrè yan aya ẹlòmíràn lálè, Aláàfin sì pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí òfin àtijọ́ ṣe wí. Irú ìwé tí Bower ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba Èkó a máa dé London, ibẹ̀ ni wọ́n sì tọ́jú wọn sí títí di òní, ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew. Ìbéèrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìtàn nìkan: ẹni tó yìnbọn, báwo ni ẹ̀rí rẹ̀ nípa ìbọn náà ṣe tó gbà?

Lẹ́tà láti ojú ogun kì í sábà jẹ́ irọ́ pátápátá. Ọ̀gágun a kọ ọjọ́ àti ibi tó wà, a ka ọta tó yìn, a dárúkọ ẹni tirẹ̀ tó fara gbọgbẹ́. Tó bá jẹ́ ìyá tàbí ìyàwó ló ń kọ̀wé sí, ibà, òjò àti oúnjẹ ló máa pọ̀ níbẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí àyà wọn já. Ṣùgbọ́n òkú tó wà lódì kejì kì í ní orúkọ. Òǹkà ni, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ jẹ́ òǹkà.

Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó ti àwọn oníṣègùn fún ìgbà pípẹ́, fi hàn pé Yorùbá kì í pe ohun tí ènìyàn gbọ́ ní ìmọ̀, àfi ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ìlànà yìí wúlò gan-an fún lẹ́tà ọ̀gágun. Bower rí iná, ó rí odi. Ìdí tí Aláàfin fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀, àti ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará ìlú, ẹnu ògbufọ̀ nìkan ló lè ti gbọ́ ọ. Nínú ìwé rẹ̀, tádàwà kan náà ni wọ́n fi kọ méjèèjì, ẹni tó ń kà á ní London kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, Kùránì sì ní kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lé e. Nílé ẹjọ́ àbáláyé, ẹlẹ́rìí a fi irin Ògún búra. Lẹ́tà kò búra fún ohunkóhun.

Ọ̀yọ́ kò ṣaláìní ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ń ṣiṣẹ́ nílùú náà lásìkò yẹn, ó sì kọ ìtàn ìkọlù yìí sínú ìwé ńlá rẹ̀ tó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Samuel fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò gbè sápá kan: ó fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí ogun abẹ́lé. Àwọn arọ́kin ààfin tí Samuel gbọ́ ìtàn àtijọ́ lẹ́nu wọn náà, ọba ló ń bọ́ wọn. Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ wọn di asán. Ibi tí ẹni tó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì bá ti dá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi, tàbí tí arọ́kin bá ti gba àbùkù ọba rẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀rí wọn wúwo jù lọ.

Ẹni tí ìdákẹ́ rẹ̀ dun ni jù ni sójà Hausa fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ogun tí Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ kó jọ ní Èkó jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn. Wọn kò kọ lẹ́tà sílé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó tó ń bá wọn rin ìrìn àjò.

Kì í ṣe ọ̀gágun nìkan ni àlejò tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ yìí: ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àlejò tó kọ́kọ́ kọ̀wé kò gbé ìbọn wá. T. J. Bowen dá iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1855, ẹnìkejì rẹ̀ W. H. Clarke sì kọ ìrìn àjò rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó tẹ ìwé Clarke jáde ní Ìbàdàn ní 1972. J. A. Àtàǹdá ló ṣàtúnṣe rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni onímọ̀ ìtàn kan náà tẹ ìwé jáde lórí Ọ̀yọ́ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀rọ̀ Bower ti wà láàárín ìwé ìjọba àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìlú.