Bí Olólùfẹ́ Ẹni Kò Bá Mọni Mọ́ Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Láti kékeré ni mo ti gba òwe yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti ń gbàgbé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, òwe náà ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹni tí kò lè rántí pé a ṣe òun lóore ńkọ́? Ṣé ọlọ́ṣà ni òun náà?

Gbogbo yín lẹ mọ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Fẹ́búárì, ọjọ́ Falẹntáìnì tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ aṣọ pupa kiri ìgboro. Àwọn òbí mi kì í ṣe ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọjọ́ náà ṣeré. Bàbá á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, nítorí ohun tí wọ́n jọ ń jẹ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà n'Ìbàdàn. Wọ́n á fi àwo orin I. K. Dairo sí i. Màmá á ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti darúgbó ni?" Ẹ̀rín la fi ń parí ẹ̀.

Ní 2019 ni àìsàn dé. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà, Màmá sọnù lọ́nà ọjà tí wọ́n ti ń ná láti ogójì ọdún. Àwọn kan ní wọ́n ń ṣarán ni. Àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ sí wa létí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o! Àìsàn ọpọlọ ni. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Ní 2001, wọ́n ní nínú 100 ẹni tó ti tó ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1.35 ni àìsàn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn, 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Nígbà tí Falẹntáìnì 2024 dé, Bàbá jókòó ti Màmá, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ́ wọn lọ́rùn bí ìṣe wọn. Màmá figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ta ni ọkùnrin yìí? Ọkọ mi ń bọ̀ o!" Gúgúrú fọ́n ká ilẹ̀. Mo rí ojú Bàbá lọ́jọ́ náà. N kò fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ á pa ọdún yìí tì. Ta la tún ń ṣe é fún?" Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tó bá gbà pé àlejò ni wá, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe irọ́, kódà bí òrùka wa bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tipátipá fẹ́ràn ẹnikẹ́ni.

Bàbá ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2025, wọ́n wọ búbá àti ṣòkòtò funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ara wọn.

"Alàgbà, ta lẹ ń wá?"

"Ẹ̀yin gan-an ni mo wá kí, Mà."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní "ìwọ" láti ìgbà èwe, wọ́n ń pè é ní "ẹ̀yin". Wọ́n jókòó sórí àga ọ̀tọ̀, wọ́n gbé gúgúrú sáàárín. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, Màmá ń fi ìka lu apá àga.

"Ọkọ mi fẹ́ràn orin yìí."

"Irú èèyàn wo ni ọkọ yín?"

"Èèyàn dáadáa ni. Ó kàn ti pẹ́ jù níta."

Bàbá wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Á dé, Mà."

Ṣé irọ́ ni? Mo bi ara mi léèrè títí. Bàbá ò sọ pé àwọn kọ́ ni ọkọ. Wọ́n kàn fi orúkọ ọkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, kí ìyàwó wọn lè rí àyè jókòó. Lálẹ́ mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n. "Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù mi lónìí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá ti gbàgbé àlejò, gúgúrú àti orin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú wọn títí wọ́n fi sùn. Kì í ṣe ojú mi nìkan ló rí irú èyí. Ní 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Iowa l'Amẹ́ríkà fi sinimá adùn àti ti ìbànújẹ́ han ènìyàn 17 tó ní irú àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé ohun tí wọ́n wò. Ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀ ò tètè kúrò lára wọn.

Òwe mìíràn ni mo wá dì mú báyìí: ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣoore ló rí. Ọ̀pọ̀ wa ló lóṣòó ti ìfẹ́ tí a ń fún ẹnìkejì wa, tí à ń retí kó mọ̀ wá, kó yìn wá, kó san án padà. Ìyẹn ò burú láàárín ẹni méjì tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ àìmọ̀ bá dé, ẹ jẹ́ ká lè dìde níbi tí a lóṣòó sí, ká lọ kan ilẹ̀kùn.