Ibi Tí Ọkọ̀ Há Sí Ni Ẹ̀mí Mi Ti Yọ



Láti oṣù kẹta ọdún 2021 ni mo ti jẹ Olúwa ní gbèsè ẹ̀rí yìí. Lónìí tí mo wálé sí Òkìtìpupa, tí ìyá mi sì wà láyé láti gbọ́ ọ, mo fẹ́ san án.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe, yàrá ẹ́ńjìnnì sì ni mo wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ọkọ̀ wa gba Port Said ní Íjíbítì wọ ipa omi Suez, a kọjú sí gúúsù. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè pè é ní odò. Kì í ṣe odò. Ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, kìlómítà 193, láti Òkun Mẹditaréníà títí kan Òkun Pupa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1859, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, 1869. Kó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ tó bá ti Yúróòpù ń lọ sí Íńdíà ní láti yí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà po. Ferdinand de Lesseps, ará Faransé, ni ìwé máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ Íjíbítì tí wọ́n fi tipátipá kó kúrò lóko ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi agbọ̀n ru iyanrìn, kí ẹ̀rọ tó dé. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà délé. Ọmọ àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ọkọ́ ń ṣe sí àtẹ́lẹwọ́. N kò gba ibẹ̀ kọjá rí kí n má rántí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìjì gbé iyanrìn dìde, ojú ọ̀run ṣú. Ìròyìn dé pé ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Ever Given, mítà 400 ní gígùn, ti dábùú ọ̀nà níwájú wa, nítòsí ìlú Suez. Wọ́n ní kí a lọ dúró nínú Adágún Kíkorò Ńlá. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn o! Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bá omi kíkorò tiwọn pàdé ní Mára, èmi náà bá tèmi ní Íjíbítì.

Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì wa, àgbàlagbà, sọ fún wa pé inú adágún yẹn gan-an ni ogun ọdún 1967 ti há ọkọ̀ 14 mọ́, tí ọ̀nà kò sì là títí di 1975. Ọdún mẹ́jọ! Àyà wa já. Ọkọ̀ tó lé ní 400 ló tò dúró kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Gbogbo ayé ń bínú, èmi náà kùn sí Ọlọ́run, nítorí mo ti ń ka ọjọ́ tí n ó wálé. Mo tọrọ àforíjì níwájú yín.

Lóru ọjọ́ 25, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn mi lápá ọ̀tún. Wọ́n fún mi lóògùn, mo bì í. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, n kò lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èbúté, ọkọ̀ kékeré kan wá. Wọ́n dè mí mọ́ pátákó, wọ́n fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù. Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń wò, mò ń pe orúkọ ìyá mi. Ismailia ni wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n ki òwú bọ̀ mí nímú nítorí Kòrónà, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ náà. Àpẹ́ńdíìsì ni. Dókítà ní ó kù díẹ̀ kó bẹ́.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ká ní ọ̀nà là ni, lálẹ́ ọjọ́ 23 la ò bá ti bọ́ sí Òkun Pupa. Òru ọjọ́ 25 ì bá bá wa láàárín agbami, kò sí dókítà, kò sí ọ̀bẹ. Ọmọ Òkìtìpupa ì bá kú sí Òkun Pupa. Ìdádúró tí gbogbo ayé ń ṣépè fún ni Olúwa fi dá mi ró sí ẹ̀bá ilé ìwòsàn!

Ní gbogbo ìgbà yìí, wọ́n ń wa iyanrìn lábẹ́ ọkọ̀ ńlá yẹn, wọ́n ń fà á, kò kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ 28, láti orí ibùsùn mi, mo rí òṣùpá àrànmọ́jú lójú fèrèsé. Mo rántí bàbá mi tó máa ń ru púpùrù lọ tà ní Igbókọ̀dá, tó máa ń sọ pé bí òṣùpá bá ti kún, òkun á kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ á léfòó. Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, omi kún, Ever Given sì léfòó. Nọ́ọ̀sì yẹn sáré wá bá mi, ó ń nawọ́ sókè sí ibi tí òṣùpá wà lánàá.

Bàbá Olùṣọ́, epo pupa kẹ́ẹ̀gì méjì àti àpò púpùrù wà lẹ́nu ọ̀nà. Owó tó wà nínú àpòòwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́ ilé. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de ẹni tí wọ́n bá sọ fún nínú ìjọ yìí pé kó wá sanwó iṣẹ́ abẹ, tí kò sì ní.

Màmá, ẹ dìde, ẹ bá mi dá orin ọpẹ́.