Ẹ̀ṣẹ̀ Àìmọ̀ọ́mọ̀dá àti Gáàsì Inú Fíríìjì

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn lórí bóyá ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ń pa ẹlòmíràn lára jẹ̀bi. Ìwé Léfítíkù orí 4 la ẹbọ kalẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀ọ́mọ̀dá, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá di mímọ̀ fún ẹni tí ó dá a ni ẹbọ tó di ọ̀ranyàn. Àlùkùránì pẹ̀lú, nínú Súúrà Al-Ahzab ẹsẹ 5, mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó ṣèèṣì, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́rùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìtàn gáàsì tí ń mú nǹkan tutù kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àwọn gáàsì tí a ń lò nínú fíríìjì àtijọ́, bí amóníà, jẹ́ májèlé, ìdí nìyẹn tí Thomas Midgley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi wá CFC jáde ní 1928, ìyẹn gáàsì tí kílóríìnì, fúlóríìnì àti kábọ́ọ̀nù parapọ̀ di ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní 1930, Midgley fa gáàsì náà símú ní gbangba, ó sì fi èémí rẹ̀ pa iná àbẹ́là, kí àwọn tí ń wò ó lè gbà pé kì í pani, kì í sì í gbiná. Òótọ́ ni ó sọ. Àmọ́ àìtètèbàjẹ́ tí ó jẹ́ ìwà rere gáàsì náà nínú ilé ni ó di ìwà ibi rẹ̀ lókè, nítorí ó ń gòkè láìyípadà títí yóò fi dé òsóònù, afẹ́fẹ́ tí ó ta bo ayé, tí ó ń gba ìtànṣán oòrùn tí í fa jẹjẹrẹ awọ ara, tí í sì í ba ojú jẹ́. Níbẹ̀ ni oòrùn ti ń tú kílóríìnì inú rẹ̀ sílẹ̀ láti máa jẹ òsóònù run.

Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland kìlọ̀ nípa ewu yìí. Ní 1985, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òsóònù òkè Àntákítíìkà ń dín kù gidigidi. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín gáàsì náà kù ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, 1987, àríyànjiyàn lórí ohun tí ó ń dín òsóònù kù kò tíì parí. Ó tọ́ bí wọn kò ṣe dúró kí ó parí, nítorí gáàsì tí ó ti lọ kò ṣeé pè padà, oríṣi kan nínú rẹ̀ sì lè wà lókè fún nǹkan bí 100 ọdún, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ní òun ń dúró de ẹ̀rí pípé ti fi orí ọmọ tí a kò tíì bí ta tẹ́tẹ́.

Àdéhùn náà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ ní àsìkò púpọ̀ sí i: 2010 ni òpin CFC fún wọn, nígbà tí HCFC, gáàsì mìíràn tí ó jọ CFC, irú R-22 inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, yóò parí ní 2030, àfi ìwọ̀nba fún àtúnṣe. Ìdájọ́ òdodo ni, nítorí kì í ṣe àwọn ni wọ́n jẹ èrè gáàsì náà jù. Síbẹ̀, fíríìjì tòkunbọ̀ wọ Nàìjíríà lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn kan ti kọ̀ nílé wọn ni àwọn mìíràn fi owó rà.

Ṣíṣe gáàsì náà àti kíkó o wọlé ni àdéhùn yìí dè. Kò dé ọwọ́ ẹni tí ó di sípánà mú. Bí atúnfíríìjìṣe bá tú nọ́ọ̀tì ẹnu páìpù, gáàsì yóò pariwo ṣíì, yóò funfun bí ìkúukùu, yìnyín díẹ̀ yóò sì dì mọ́ ẹnu páìpù náà, lẹ́yìn náà kò sí ohun tí ojú rí mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì wúkọ́. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó fà á padà sínú sílíńdà ń náni lówó, atẹ́gùn òde kò sì gba kọ́bọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ ṣá. Onílé tí ó ní kí ó kàn bá òun rọ gáàsì sí i, tí kò fẹ́ san owó wíwá ibi tí ó ń jò àti jíjó o pa, bá a tú nọ́ọ̀tì náà.