Bí Òtítọ́ Bá Ti Ẹnu Ọ̀tá Wá

Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: bí ẹni tí a kò fẹ́ràn bá sọ òtítọ́, ó ha yẹ kí a gbà á bí?

Ní ọdún 1915, Albert Einstein, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Jámánì, kọ́ni pé oòrùn a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, àfi nígbà tí òṣùpá bá dí oòrùn lójú, tí ọ̀sán sì di òru? Ojú lásán kò sì lè wọn ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí a yà sórí àwo dígí ni ó lè pa á mọ́ títí a ó fi wọ̀n ọ́n.

Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ dé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1919. Kò tí ì pé oṣù méje nígbà náà tí ìbọn dákẹ́ láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Síbẹ̀ Arthur Eddington, ọ̀mọ̀wé Cambridge tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jagun, ti wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú Edwin Cottingham wá sí Príncipe, erékùṣù kan ní gúúsù ilẹ̀ wa. Òjò ńlá rọ̀ ní òwúrọ̀. Òkùnkùn náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ìkùukùu sì wà lójú ọ̀run. Wọ́n ya àwòrán 16. Díẹ̀ péré ni ìràwọ̀ hàn nínú rẹ̀. Díẹ̀ náà, pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yà ní Sobral ní Brazil, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, a kéde ní London, níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀rọ̀ Einstein tọ̀nà.

Àwọn kan wí pé Eddington ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kí ó tó wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ pẹ̀lú lè fọ́ni lójú bí ìkórìíra. Nítorí náà ni a fi ń wá ẹlẹ́rìí mìíràn: àwòrán tí a yà ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 1922 sì jẹ́rìí kan náà.

Bí aládùúgbò tí a ń bá jà ní Ìkòtún tàbí Ìgàndò bá wí pé ògiri wa ti wọ ilẹ̀ òun, ìwà rẹ̀ àtijọ́ ni a kọ́kọ́ máa ń kà. Ẹ jẹ́ kí a na okùn ìwọnlẹ̀ ná. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni ó wí, kí a dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un, bí a kò tilẹ̀ tí ì bára wa rẹ́.